Ẹni Tí Erin Jẹ Oko Ẹ̀ Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Bi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún torí pé àga ò kárí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí àwọn sáyẹ́ńtíìsì àti àwọn ará ìlú ṣe lè jọ fọwọ́sowọ́pọ̀ kí ẹranko igbó má baà run mọ́ wa lójú. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù, tí n bá ní kí n máa ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì ilẹ̀ á ṣú, torí náà erin ni mo mú, orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ni mo sì máa pẹ́ sí jù torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ló yé mi jù lọ, tó bá yá mo máa padà sílé, sínú igbó Ọmọ tiwa níbí.

Ẹ jẹ́ n ti sọ ibi tí mo ń lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tí erin ń jẹ oko ẹ̀ ló yẹ kí sáyẹ́ńtíìsì kọ́kọ́ lọ bá, kó jókòó tì í, kó bi í léèrè ohun tó mọ̀, kó tó máa ro ohun tó fẹ́ ṣe rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà òdì ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á ti parí gbogbo ètò ní ọ́fíìsì, owó á ti jáde, pátákó á ti dúró lẹ́bàá títì, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ránṣẹ́ sí baálẹ̀ pé kó pe àwọn àgbẹ̀ jọ, wọ́n á pín fìlà, wọ́n á pín oúnjẹ inú páálí, wọ́n á ní àwọ́n wá la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀. Bí ẹni tó po oògùn tán kó tó bi aláìsàn pé kí ló ń ṣe ẹ́ ni.

Ẹ wò ó, àwa tó jẹ́ pé inú fóònù la ti ń rí erin, inú wa máa ń dùn, ọmọ erin ń fi ọwọ́jà ẹ̀ bu omi ṣeré, ó dáa. Àmọ́ erin ńlá kan lè jẹ tó 150 kílò oúnjẹ lójúmọ́, àwọn abo kì í sì í dá rìn, ìyá àgbà ló máa ń ṣáájú, àwọn ọmọ ẹ̀ àti ọmọọmọ ẹ̀ á tò tẹ̀ lé e. Òru ni wọ́n sábà máa ń wọ oko. Wọ́n á dúró di ìgbà tí àgbàdo ń gbó bọ̀, ìyẹn ìgbà tí olóko ti ń ka ọjọ́ tó máa kó o, òru ọjọ́ kan péré báyìí, oko tó yẹ kó bọ́ ilé di ọdún tó ń bọ̀, kò ní ku nǹkan kan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn àgbẹ̀ fi ń sùn sóko, wọ́n á máa lu agolo, wọ́n á máa tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dá iná, bàbá ò ní sùn, ìyá ò ní sùn, ọmọ náà ò ní sùn, tílẹ̀ bá mọ́ ọmọ á gbé oorun lọ sílé ìwé. Erin máa ń pa èèyàn níbòmíì. Èèyàn náà á bínú, wọ́n á fi májèlé tàbí ọ̀kọ̀ pa erin. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, tó o bá wá dúró níwájú ẹ̀ tó ò ń sọ fún un pé erin ń tán lọ láyé, òótọ́ lo sọ o, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ ẹ?

Ní gúúsù ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà wọ́n ní igbó ọba kan tó ń jẹ́ Tsavo, ó tóbi kọjá sísọ, ó lé ní 20,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ọdún 1948 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a sílẹ̀. Àwọn èèyàn kan wà lórí ilẹ̀ yẹn tí wọ́n ń pè ní Waata, ọdẹ erin ni wọ́n láti ìrandíran, ọrun gígùn àti ọfà tí wọ́n fi oró igi pa lẹ́nu ni wọ́n fi ń ṣọdẹ, ẹni tó sì lè rìn sún mọ́ erin débi pé ọfà máa bá a, ẹni yẹn ti mọ̀ nípa erin ohun tí ẹlòmíì ò lè mọ̀ láéláé. Wọ́n mọ ọ̀nà tó ń gbà lọ sódò, wọ́n mọ ìgbà tó ń ṣí kúrò níbì kan, wọ́n mọ èyí tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí Tsavo di igbó ọba, wọ́n sọ àwọn èèyàn yìí di ọ̀daràn. Nígbà tó fi máa di 1956 sí 1957 wọ́n dìde sí wọn gan-an, wọ́n ń mú wọn, wọ́n ń kó wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ní 1960 ìjọba yẹn kan náà tún wá dá ètò kan sílẹ̀ létí odò Galana, pé kí wọ́n gba àwọn Waata síṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa pa ìwọ̀nba erin lábẹ́ òfin kí àǹfààní ẹ̀ lè kàn wọ́n. Ètò náà ò tọ́jọ́, ilẹ̀ yẹn padà di ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù. Ó máa ń dùn mí tí n bá rántí. Àwọn tó mọ erin jù ní gbogbo agbègbè yẹn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ìmọ̀ wọn jẹ.

Ẹ sì wo ohun tó tẹ̀ lé e. Láàárín 1970 sí 1989 àwọn oníbọn tó ń wá eyín erin tà ya wọ Kẹ́ńyà, erin tó lé ní 160,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún yẹn já wálẹ̀ sí bí 16,000 nígbà tó fi máa di 1989. Ọdún yẹn gan-an ni Ààrẹ Moi dáná sun eyín erin tọ́ọ̀nù 12 lójú gbogbo ayé, ọdún yẹn náà ni wọ́n fòfin de títa eyín erin láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì. Láti ìgbà yẹn erin ti ń padà pọ̀ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2021 wọ́n rí 36,280. Inú mi dùn sí i o. Ṣùgbọ́n èèyàn náà ti pọ̀ sí i, oko ti sún mọ́ igbó, ojú ọ̀nà tí erin ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ilé, ti di títì, nítorí náà bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń yọ̀ ní Nairobi, olú-ìlú wọn, pé erin ti pọ̀ sí i, ìyá kan wà létí igbó tó ń sunkún àgbàdo.

Ibí ni oyin ti wọlé.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Iain Douglas-Hamilton, àwọn ọdún 1960 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí erin, òun ló dá ẹgbẹ́ Save the Elephants sílẹ̀ ní 1993. Òun àti onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Fritz Vollrath gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Kẹ́ńyà tó ń da ẹran tí wọ́n sì ń wá oyin pé igi tí oyin bá wà lára ẹ̀, erin kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi etí sí ibí dáadáa. Àwọn méjèèjì lè sọ pé àhesọ ni, àbí kí wọ́n ní ìtàn àwọn ará oko nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ so ilé oyin mọ́ ara igi, àwọn kan ní oyin nínú, àwọn kan ṣófo, wọ́n wá ń ṣọ́ ohun tí erin máa ṣe. Erin ń yà fún wọn lóòótọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2002. Ọ̀rọ̀ tí àwọn darandaran ti ń sọ láti ọjọ́ tó pẹ́ ló di ohun tí ayé gbà.

Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucy King gbé iṣẹ́ náà, ó ń kàwé ní Oxford nígbà yẹn. Ó gba ohùn oyin tó ń bínú sílẹ̀, ó fi sípíkà pamọ́ sítòsí ibi tí àwọn erin ti ń sinmi lábẹ́ igi ní Samburu, ní àríwá Kẹ́ńyà, ó tẹ̀ ẹ́. Ìdílé erin 18 ló fi dán an wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n dìde fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ohùn mìíràn tí kì í ṣe ti oyin, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò kà á sí. Ọdún 2007 ni ìyẹn jáde. Nígbà tó di 2010 òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tún fi hàn pé tí erin bá gbọ́ oyin, ó máa ń kùn lọ́nà kan, ó máa ń mi orí, ó máa ń da iyẹ̀pẹ̀ sára, tí wọ́n bá sì gba ohùn kíkùn yẹn sílẹ̀ tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ fún àwọn erin mìíràn níbi tí kò sí oyin kankan, àwọn yẹn náà á kúrò níbẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn. Erin tí awọ ẹ̀ nípọn tó báyẹn, kí ló kàn án pẹ̀lú oyin? Oyin ò wulẹ̀ dojú kọ awọ ẹ̀yìn, etí ojú ló ń lọ, ẹ̀yìn etí, inú ihò ọwọ́jà. Ẹni tí oyin bá ta nínú imú rí, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibí ni èmi ti gba tiẹ̀, torí pé kò dá sípíkà gbé lọ fún àwọn àgbẹ̀. Sípíkà ń fẹ́ bátìrì, erin ọlọ́gbọ́n sì nìyẹn, tó bá ń gbọ́ ohùn tí oyin ò tẹ̀ lé e, kò ní pẹ́ kó tó mọ̀ pé irọ́ ni. Oyin gidi ni wọ́n padà sí, ilé oyin tí wọ́n fi igi gbẹ́, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lò látayébáyé, ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Wọ́n so wọ́n yí oko ká, wọ́n fi wáyà so ọ̀kan mọ́ ìkejì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí fẹ́ǹsì yẹn ṣe rí kó lè yé àwọn tó wà lẹ́yìn. Wọ́n á ri òpó igi mọ́lẹ̀ ní méjì-méjì, wọ́n á so ilé oyin kọ́ sáàárín òpó méjì kó máa fì, kò ní kan ilẹ̀, wọ́n á ṣe ìborí fún un kí oòrùn má pa oyin inú ẹ̀. Mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n fi jìnnà síra. Wáyà kan ló gba ara gbogbo wọn kọjá, ó ga dé ibi tí àyà erin á ti kàn án. Tí erin bá dé lóru tó fẹ́ gba àárín méjì kọjá, á fi àyà ti wáyà, wáyà á fa ilé oyin ti ọ̀tún, á fa ti òsì, gbogbo ẹ̀ á máa mì jìgìjìgì, oyin á tú jáde. Gbogbo ilé oyin yẹn kọ́ ló sì ní oyin o, tí wọ́n bá gbé gidi kan kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ pákó pẹlẹbẹ lásán tó jọ ọ́, erin ò lè mọ ìyàtọ̀ lókùnkùn, owó tí olóko máa ná á sì dín kù. Éékà kan, nǹkan bí ilé oyin 12 àti pákó 12 ló máa ká a. Fẹ́ǹsì iná mànàmáná tí ìjọba fẹ́ràn, owó gọbọi ni, tí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára ẹ̀ ó di dandan kí ẹnì kan ti ìlú wá, erin sì máa ń fi eyín ẹ̀ já a, torí iná kì í gba inú eyín. Fẹ́ǹsì oyin, káfíńtà abúlé lè tún un ṣe.

Wọ́n wá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Turkana ní àríwá Kẹ́ńyà. Oko 34 ni wọ́n mú, wọ́n ṣe fẹ́ǹsì oyin fún 17, àwọn 17 yòókù fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ọ̀wọ́ erin 13 ló dé ìdí fẹ́ǹsì oyin tí wọ́n yí padà. Ìgbà 32 ni erin ráyè wọ oko láàárín ọdún méjì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló gba ara fẹ́ǹsì oyin kọjá, akọ erin kan ni, ìyókù gba inú igi ẹlẹ́gùn-ún. Wọ́n tún kó oyin 106 kílò. Ọdún 2011 ni wọ́n tẹ ìyẹn jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lọ fìdí kalẹ̀ ní Sagalla, lẹ́bàá Tsavo, ibi tí erin ń ti inú igbó ọba bọ́ sínú oko tààrà. Iṣẹ́ Sagalla ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í ṣe ìdánwò oṣù mélòó kan, ọdún lórí ọdún ni. Àwọn olóko fúnra wọn ni wọ́n ń sọ ibi tí erin gbà wọlé, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó ti máàpù tó ń fa ìlà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n á ṣe máa wo oyin, tí wọ́n ń ka ẹsẹ̀ erin láàárọ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: mélòó ló wá, ibo ni wọ́n dúró dé, ṣé wọ́n já wáyà ni àbí wọ́n yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, dátà nìyẹn o, kò sí sáyẹ́ńtíìsì tó lè dá sùn sí oko 26 tí wọ́n ṣe fẹ́ǹsì fún níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan náà. Oyin tí wọ́n kó ń di títà, wọ́n ń pè é ní oyin ọ̀rẹ́ erin, àwọn ìyá tún ní ibì kan tí wọ́n ti ń hun apẹ̀rẹ̀ tà, torí náà ilé tí kò ní fẹ́ǹsì náà ń rí nǹkan kan mú délé.

Àbájáde ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ṣe é ní Sagalla jáde ní 2024. Erin bí 4,000 ló sún mọ́ oko 26 yẹn láàárín àkókò náà. Ní ìgbà tí irè oko gbó gan-an, tí erin ń wá jù, láàárín 2014 sí 2020, àwọn tí fẹ́ǹsì dá padà tó 86.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ta oyin tó tó tọ́ọ̀nù kan. Nǹkan ńlá ni. Àmọ́ ìwé kan náà sọ èyí tí kò dùn: ọ̀dá ńlá dá ní 2017, òdòdó ò sí, omi ò sí, oyin ṣí lọ, ilé oyin tí oyin ń gbé já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì tó ọdún mẹ́ta kó tó máa padà bọ̀ sípò. Ẹ wá rò ó, ìgbà ọ̀dá ni erin ń wá oúnjẹ jù, ìgbà yẹn náà ni oyin ń sá lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n kọ ọ́ síta báyẹn, torí tí wọ́n bá fi bò, ẹlòmíì á lọ yáwó ṣe fẹ́ǹsì sí ibi tí ọ̀dá ń dá lọ́dọọdún, àgbẹ̀ ni ìyà ẹ̀ máa jẹ. Bí àwọn kan bá ní kí wọ́n fi ata kún un, ìyẹn náà wà, ní gúúsù Áfíríkà wọ́n ń po ata mọ́ ìgbẹ́ erin, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á dáná sun ún létí oko, èéfín ẹ̀ ń lé erin. Ata fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá gbìn ín, erin kì í jẹ ẹ́.

Kí n tó kúrò ní Kẹ́ńyà, ẹ jẹ́ n mẹ́nu ba kìnnìún díẹ̀. Ní agbègbè Amboseli, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Maasai, ẹ̀yà kan tó ń sin màlúù, máa ń pa kìnnìún, tó bá pa màlúù wọn wọ́n á gbẹ̀san, ẹni tó bá sì pa á á gba oyè àti orúkọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Leela Hazzah lọ gbé láàárín wọn, ohun tó sì ń bi wọ́n ni pé kí ló fà á tẹ́ ẹ fi ń pa á. Ó tẹ́tí sí wọn títí. Ní 2007 òun àti Stephanie Dolrenry dá ẹgbẹ́ Lion Guardians sílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ kìnnìún, àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn gan-an ni wọ́n gbà síṣẹ́, pẹ̀lú owó oṣù. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tọ ipasẹ̀ kìnnìún, èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù, kí wọ́n máa kìlọ̀ fún darandaran pé ẹ má da ẹran gba ibí lónìí, kí wọ́n bá ẹni tí màlúù ẹ̀ sọnù wá a, kí wọ́n bá a tún ọgbà ẹran ṣe. Wọ́n kọ́ wọn ní GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi téèyàn wà, àwọn tí kò lọ sílé ìwé kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Wọ́n wá ń fún kìnnìún kọ̀ọ̀kan lórúkọ Maasai. Ẹni tó o bá sọ lórúkọ, tó o mọ ìyá ẹ̀, ṣé ó máa yá ẹ lára láti gún un lọ́kọ̀? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: àwọn sáyẹ́ńtíìsì ní rédíò tí wọ́n ń so mọ́ kìnnìún lọ́rùn, àwọn Maasai ní ojú àti ẹsẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé.

Igbó Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀yin ará J4 tó wà nínú igbó náà ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó bá igbó Olúwa ní Oǹdó àti Ṣáṣá ní Ọ̀ṣun pààlà. Ní 1977 UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé. Erin wà níbẹ̀ títí di òní, erin inú igbó kìjikìji, kì í ṣe irú èyí tó wà ní ọ̀dàn Kẹ́ńyà, ó kéré sí i, etí ẹ̀ rí róbótó, eyín ẹ̀ gún sísàlẹ̀, ó sì ń fi ara pamọ́. Àwọn baba wa ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, tá a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Ní Ọmọ, ìgbẹ́ ẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ làwọn èèyàn sábà ń rí. Ní 2021 IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹranko tó ń run lọ, ya erin igbó sọ́tọ̀ kúrò lára erin ọ̀dàn, wọ́n ní ti igbó yìí ti dé bèbè ìparun pátápátá. Kóró èso tó ń jẹ tó sì ń yà sílẹ̀ níbi tó jìnnà ni ọ̀pọ̀ igi ńlá fi ń hù, àwọn igi tá à ń gé lónìí, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe erin ló gbin òmíì nínú wọn.

Iṣẹ́ kan ń lọ ní Ọmọ tó dùn mọ́ mi: àwọn ọdẹ tí wọ́n ń pa ẹran tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó báyìí. Ẹ rí i pé ohun tí wọn ò ṣe fún Waata nìyẹn. Ọdẹ Yorùbá mọ orúkọ ẹran, ó mọ ìwà ẹ̀, ó mọ oríkì ẹ̀, ìjálá tí wọ́n ń sun fún erin àti ẹfọ̀n, ìmọ̀ ló kún inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni kí wọ́n máa san fún wọn déédéé o, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ẹni tí a ní kó fi ọdẹ sílẹ̀, tí a ò wá fún un ní nǹkan jẹ, a ò ṣe dáadáa sí i, ebi á sì lé e padà sínú igbó lóru. Àwọn tó ń gé gẹdú ń wọlé, oko kòkó ń wọlé, àwọn tó sì wá dá oko kòkó, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ èèyàn tí kò ní ilẹ̀ níbòmíì. Àwọn náà gbọ́dọ̀ wà níbi ìpàdé, kódà tí òfin bá ní kò yẹ kí wọ́n wà nínú igbó.

Bàbá kan níwájú níbí ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ oyin. Ẹ máa wí, bàbá.

Wọ́n ní oko àwọn ò jìnnà sí igbó, erin ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn rí, ṣé ó ṣeé ṣe ká gbé ilé oyin wá fún àwọn lọ́dún yìí.

Ẹ ṣeun bàbá mi. Mi ò ní tàn yín. Ní Gabon, níbi tí erin igbó bíi tiwa pọ̀ sí, onímọ̀ ọmọ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Steeve Ngama àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é dán ọ̀rọ̀ oyin wò, ìwé wọn jáde ní 2016. Wọ́n rí i pé ilé oyin tí oyin pọ̀ nínú ẹ̀, tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde gan-an, erin ń yà fún un. Èyí tí oyin ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, erin ò kà á sí. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá so ilé oyin kọ́ tí oyin ò wọ ibẹ̀ gbé dáadáa, ẹ kàn so pákó kọ́ ni. Igbó tiwa tutù, òjò pọ̀, èèrà ń jẹ oyin, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa wò ó lóṣooṣù. Àwọn tó ń fín oyin ní agbègbè yìí wà, àwọn la máa kọ́kọ́ bi pé oṣù wo ni oyin máa ń pọ̀ àti igi wo ni wọ́n fẹ́ràn, ká wá wò ó bóyá oṣù yẹn bá ìgbà tí erin ń wá mu. Tí kò bá bá a mu, owó ìlú la máa fi ṣòfò.

Ohun tó ṣeé ṣe láti ọ̀la, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín máa fi fóònù kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí erin bá wá: ọjọ́ wo, aago mélòó, apá ibo ni wọ́n ti wọlé, ẹsẹ̀ ńlá mélòó, ẹsẹ̀ kékeré mélòó, kí ni wọ́n jẹ, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọn ò jẹ, kí lẹ fi lé wọn, ṣé wọ́n lọ àbí wọn ò lọ. Kó ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà, kó gbé ọ̀pá tàbí àdá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, kí àwọn olóko mẹ́wàá tó yí yín ká náà máa ṣe é. Mo mọ àwọn olùkọ́ yunifásítì tó máa fi tayọ̀tayọ̀ wá jókòó ti irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ìwádìí náà.

Àwọn àbúrò mi lẹ́yìn ti mú ìwé dání. Bàbá, èyí tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín yẹn, ọ̀nà odò ló gbà wọlé ni àbí ọ̀nà oko?